Ìdíje fún tíìmù tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ géèmù sílẹ̀: ohun tó jẹ́ gan-an, àti bẹ́ ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ láti Abuja níbí

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé "ẹ̀gbọ́n ẹ bá mi wò ó, ṣé òótọ́ ni", ìbéèrè yẹn ti pọ̀ jù, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Nítorí mo ti rí bó ṣe máa ń rí, ọmọ á délé á ní "Mọ́mì, ìdíje géèmù kan wà lókè òkun, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ wọlé", màmá á gbọ́ pé ọmọ fẹ́ lọ jókòó máa gbá géèmù, dádì á ní tẹ́tẹ́ ni, àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ ní Secretariat á ní kí wọ́n ṣọ́ra kó má lọ jẹ́ yahoo. Kò sẹ́ni tó burú nínú wọn o. Nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jọra wọn lójú, tẹ́ni kan ò bá sì yà á sọ́tọ̀ fún wa gbogbo ẹ̀ á kàn dàpọ̀ mọ́ra ni.

Èkíní ni ti àwọn tó ń gbá géèmù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ tàbí ti ìbọn, ẹni tó bá na gbogbo èèyàn ló gbowó lọ. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ wa lónìí rárá. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní game jam, ẹ máa pàdé, wọ́n á fún yín ní àkòrí kan, ẹ ó ṣe géèmù kékeré láti inú ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Global Game Jam tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ló gbajúmọ̀ jù, wákàtí 48 ni tiwọn, ìparí January ló máa ń bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni du owó níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ran ilé-iṣẹ́ tó ti dúró lọ́wọ́, ìyẹn ni pé géèmù yín ti wà lórí Play Store, àwọn èèyàn ti ń gbá a, ohun tẹ́ ẹ wá ń wá ni bó ṣe máa mówó wọlé dáadáa. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ ṣàlàyé, òun náà ló sì ń da gbogbo èèyàn láàmú: wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ilé-iṣẹ́ kankan jọ ní tíìmù tíìmù, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, wọ́n á fún wọn láyè àti àwọn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, wọ́n á ní ó yá, ẹ ṣe bí ilé-iṣẹ́ gidi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jẹ́ ká rí géèmù yín.

Èyí tó lórúkọ jù nínú irú ẹ̀ ni Dare to be Digital. Abertay University tó wà ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland ló dá a sílẹ̀ ní 2000. Mo fẹ́ tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi gba owó lọ́wọ́ yín: kò sí mọ́ bó ṣe wà nígbà yẹn o, ilé ẹ̀kọ́ náà ti fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà báyìí ń wò ṣe, ẹni tó bá ti yé á lè ka fọ́ọ̀mù ìdíje èyíkéyìí kó mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Dundee? Ìlú yẹn ò tóbi, àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ò tó ẹ̀ka kan nínú Abuja wa yìí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ DMA Design sílẹ̀, àwọn tó ṣe Lemmings ní 1991, àwọn náà ló tún ṣe Grand Theft Auto àkọ́kọ́ ní 1997, GTA táwọn ọmọ yín mọ̀ yẹn náà ni o. Ọdún 1997 yẹn náà ni Abertay bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní dìgírì nínú iṣẹ́ ṣíṣe géèmù, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ míì ò tíì ka géèmù sí iṣẹ́ kankan. Nígbà tó wá yá, ilé-iṣẹ́ géèmù pọ̀ nílùú, akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde, àmọ́ ọ̀fìn kan wà láàárín wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mọ kóòdù, ó mọ àwòrán, ṣùgbọ́n kò tíì bá ẹlòmíì ṣe géèmù parí rí. Ọ̀fìn yẹn ni wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀ láti dí.

Bó ṣe máa ń lọ nígbà yẹn nìyí. Èèyàn márùn-ún ló máa ń wà nínú tíìmù kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àbá wọn ránṣẹ́, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò, àwọn tí wọ́n bá mú á lọ jókòó papọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún, ìyẹn June sí August. Tíìmù kọ̀ọ̀kan á ní tábìlì àti kọ̀ǹpútà tiẹ̀, wọ́n á máa rí owó jíjẹun díẹ̀ gbà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ géèmù gidi á sì máa wọlé wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á bi wọ́n léèrè, wọ́n á tún wọn ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Scotland nìkan, nígbà tó yá ó kan gbogbo UK àti Ireland, lẹ́yìn náà ni tíìmù láti China, India, Amẹ́ríkà àtàwọn ibòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yé yín dáadáa, ẹ rántí ọmọṣẹ́ télọ̀. Ọ̀gá kì í fún un ní fíríìdọ̀mù torí pé ó mọ orúkọ gbogbo aṣọ tàbí torí pé ó ya sítáì tó rẹwà sínú ìwé, ìgbà tó bá wọn oníbàárà, tó gé e, tó rán an, tí oníbàárà wọ̀ ọ́ jáde láìpadà wá jà ni wọ́n máa gbà pé ó ti mọṣẹ́. Nǹkan tí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn wà fún gan-an nìyẹn.

Ó yá, àwọn márùn-ún yẹn, kí ni kálukú ń ṣe? Ẹni tó ń kọ kóòdù, gbogbo èèyàn mọ ìyẹn. Ẹni tó ń yàwòrán, tó ń ṣe ẹ̀dá inú géèmù àti ilé àti igi, a mọ ìyẹn náà, mo sì fẹ́ fi kún un pé fáwọn tó wà lápá àríwá níbí, ẹ má rò pé Èkó nìkan lẹ ti lè rí ayàwòrán, ẹ̀ka Fine Arts tó wà ní ABU Zaria ti ń kọ́ ayàwòrán tipẹ́, ibẹ̀ ni Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya wà ní 1958, kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó di ABU, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Zaria sílẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe ohùn àti orin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tíìmù kì í rántí ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, géèmù á wá dákẹ́ bí ilé òkú. Géèmù desáínà ni ẹni tó ń pinnu òfin: báwo ni ẹ̀dá yìí ṣe máa fò ga tó, ìgbà mélòó ni wọ́n máa lù ú kó tó kú, ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe ni pùrodúsà. Àwọn ọmọ wa rò pé òun ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe, tí wọ́n kàn fi sínú tíìmù kó máa pàṣẹ. Àṣìṣe ńlá nìyẹn o, torí òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ parí. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní tíìmù kan ní Mararaba fẹ́ ṣe géèmù lórí awakọ̀ kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á ní gbogbo Abuja ló máa wà nínú ẹ̀, láti Zuba dé Nyanya, ọkọ̀ ogún oríṣi, VIO á máa lé wọn, òjò á máa rọ̀, èèyàn mẹ́wàá á lè gbá a pa pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn ìfẹ́ kan á sì tún wà nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ní. Pùrodúsà ló máa jókòó sọ pé ó dáa, ọ̀nà kan ṣoṣo, láti Nyanya dé AYA, kẹ̀kẹ́ kan, èrò mẹ́ta, gósìlóò, kí ẹni tó ń gbá a sáré gbé wọn dé kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Gbogbo ìyókù, ẹ gé e kúrò. Ayàwòrán á bínú, oníkóòdù á bínú, ẹni tó mú ìtàn ìfẹ́ wá ò ní bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti ní nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á wá máa tún un ṣe títí á fi dùn. Tíìmù tí kò lẹ́ni tó lè gé nǹkan kúrò máa dé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án pẹ̀lú àwòrán tó dáa àti géèmù tí kò ṣí.

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yẹn, wọ́n ò kàn fi í ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ o. Àfihàn kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní Dare ProtoPlay, wọ́n á kó géèmù gbogbo tíìmù síta, ará ìlú á wọlé, ọmọdé, ìyá àgbà, gbogbo èèyàn á jókòó máa gbá a, wọ́n tiẹ̀ tún máa ń dìbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó máa wò wọ́n. Ibí yìí ni mo rò pé ẹ̀kọ́ tó le jù nínú gbogbo ètò yẹn wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á gbé kọ̀ǹtírólà, kò ní mọ ibi tó máa tẹ̀, á dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bọ́ sí tíìmù kejì. Kò sí àlàyé tẹ́ ẹ lè ṣe fún un. Ohun tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu ṣàlàyé kó tó yé èèyàn, inú géèmù náà ni kò tíì sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i kí àlejò dìde fi géèmù ẹ̀ sílẹ̀ báyẹn, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ á yí padà.

Tó bá di ti ẹ̀bùn, owó wà o, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń fa àwọn èèyàn. Láti 2007, nígbà tí ìdíje náà ṣì wà, àwọn tó borí máa ń bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ BAFTA tí wọ́n pè ní Ones to Watch, BAFTA tó ń fún àwọn òṣèré fíìmù ní ẹ̀bùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti University of Southern California ní Amẹ́ríkà wá sí Dundee pẹ̀lú géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Chambara. Àwọ̀ méjì péré ló wà nínú gbogbo géèmù náà. Tí ẹ̀dá yín bá jẹ́ dúdú, tẹ́ ẹ wá dúró níwájú ògiri dúdú, ọ̀tá ò ní rí yín mọ́, ẹ ti pòórá, ó di pé kí kálukú máa wá ẹnì kejì. Wọ́n gba BAFTA yẹn ní 2015, géèmù náà sì jáde sórí PlayStation 4 ní 2016. Ohun tó wù mí nínú ẹ̀ ni bó ṣe kéré. Ẹni tó ní owó ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi àwọ̀ ẹgbẹ̀rún kún un, àwọn ní méjì tó, wọ́n wá fi méjì yẹn ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ Abuja jà nígbà tí wọ́n bá ń pa ìdíà mọ́ sínú bí ẹni pa owó mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ ọ́ fún yín, wọ́n á jí i." Ta ló fẹ́ jí i? Ìdíà ló kéré jù nínú ohun tí àwọn adájọ́ ń wò. Wọ́n á wo ohun tí ẹ ti ṣe parí tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré. Wọ́n á wo bóyá ẹ̀yin márààrún mọ ara yín tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù fẹ́ tì ni. Wọ́n á bi yín pé tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí nǹkan yìí ò bá ṣiṣẹ́ kí lẹ máa ṣe, ẹni tó bá dáhùn pé "ó máa ṣiṣẹ́, Ọlọ́run wà" ti pàdánù ààyè ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí pé wọ́n kórìíra àdúrà, wọ́n fẹ́ mọ ètò tẹ́ ẹ ní ni.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ múra sílẹ̀ láti ibí, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù kì í ṣe ìṣòro mọ́. Godot, ọ̀fẹ́ ni pátápátá, kò wúwo, láptọ́ọ̀pù àlòkù tẹ́ ẹ rà ní Emab tàbí Banex máa gbé e. Unity náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kékeré. Unreal rẹwà gan-an, wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín títí géèmù yẹn á fi pa ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó wúwo, tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá lágbára á kàn máa gbóná ni. Láti gbé géèmù sórí Play Store, dọ́là 25 lẹ máa san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, jẹ́ dọ́là 100 fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Tówó ò bá sí rárá, ibi tí wọ́n ń pè ní itch.io ò gba kọ́bọ̀, ìdíje púpọ̀ sì máa gba líǹkì ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́.

Ohun tó ń dá wa dúró níbí ni iná àti dátà, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ọ̀nà tí iṣẹ́ ò fi ní sọnù tí iná bá lọ, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Git, ohun tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín, láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé iṣẹ́ sókè lálaalẹ́, torí mo ti rí tíìmù tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà nínú fláàṣì kan ṣoṣo, fláàṣì yẹn sì bá ẹnì kan lọ Minna fún kérésìmesì. Ẹ wá game jam kan wọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ìdíje ńlá, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó máa ń sá nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́fà. Ní ti ẹ̀kọ́, ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìpín ṣíṣe géèmù nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀, wọ́n rò pé data analysis nìkan ni. Maliyo Games tó wà ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, náà ní ètò ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ GameUp Africa fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀, ẹni tó wà ní Gusau lè bá wọn kọ́ ọ.

Àǹfààní kan tún wà tí àwa tá a wà lápá ibí ní táwọn ará Èkó ò ní. Yorùbá lẹ ń sọ nílé, Hausa lẹ fi ń rajà ní Wuse market, àwọn ará àdúgbò yín jẹ́ Gbagyi, Tiv, Nupe. Géèmù tó ń sọ Hausa ṣọ̀wọ́n gan-an, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ Hausa kún láti Kano dé orílẹ̀-èdè Niger dé Ghana, fóònù sì wà lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú adájọ́ ní ìlú òyìnbó tó bi yín pé ta ló máa ra nǹkan yìí, ẹ ti ní ìdáhùn tí tíìmù láti London ò lè fún un.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń gba kí ẹ rìn báyìí, ọ̀pọ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ẹ máa rìn, ẹ̀yin márààrún gbọ́dọ̀ ti ní páásípọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, torí tí wọ́n bá mú yín tí méjì ò bá ní, tíìmù ti fọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ kọ́pà kò lè dédé kúrò nílùú láìgba àyè lọ́wọ́ NYSC, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ san owó "processing" sí àkáǹtì ara ẹ̀ kí ọmọ yín lè wọlé, ẹ máà san án. Ẹ lọ sí wẹ́ẹ̀bù ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdíje náà fúnra yín, ẹ wá ojú ewé ibẹ̀, ẹ fi ímeèlì bi wọ́n. Ìdíje gidi ló ń fún tíìmù lówó jẹun, kì í gba owó lọ́wọ́ wọn kó tó wò wọ́n.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé, ta ló ni géèmù náà tí ìdíje bá parí? Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, inú ìwé àdéhùn ló máa ń wà, lápá ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré. Àwọn kan á ní tiyín ni pátápátá, àwọn míì á ní àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í polówó, àwọn míì á fẹ́ ní ìpín nínú ẹ̀. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fún lọ́yà kan ní ìjọ yín tàbí mọ́ṣáláṣí yín kó bá yín wò ó, wọ́n pọ̀ ní Abuja níbí. Láàárín ẹ̀yin márààrún náà, ẹ kọ tiyín sílẹ̀, kó tó di pé owó kankan wọlé: ìpín kálukú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́nì kan bá rí iṣẹ́ ní báǹkì tó bá fi yín sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹni tí orúkọ ẹ̀ máa wà lórí àkáǹtì Play Store. Ojú ewé kan ti tó, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà tiẹ̀ dání.